Donnarumma: gbogbo ayé mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ràn ẹ̀ gan-an?

ÒǹwòranMókọ́lá
Ẹ káalẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ló ń jà gùdù lọ́kàn mi látìgbà tí wọ́n ti fún Donnarumma, kípà Italy, ní àmì ẹ̀yẹ Yashin lọ́jọ́ Mọ́ńdè, September 22, 2025, ìyẹn ti kípà tó dáa jù lágbàáyé. Ẹlẹ́ẹ̀kejì ẹ̀ nìyẹn o, ó ti kọ́kọ́ gbà á ní 2021. Ọmọ ọdún 26 péré ni lọ́jọ́ tó gbà á yìí. Ó ti gba Euro, ó ti gba Champions League, síbẹ̀ bí mo ṣe ń ka nǹkan táwọn èèyàn ń kọ sábẹ́ fọ́tò ẹ̀, àwọn tó mọ̀ ọ́n pọ̀ jáǹrẹrẹ, àwọn tó fẹ́ràn ẹ̀ ò tó nǹkan. Àwọn ọmọ Milan ò fẹ́ gbórúkọ ẹ̀ sétí. PSG ti ìlú Paris, tí òun àti wọn jọ gba ife, wọ́n ní kó máa lọ. Man City ló wà báyìí. Kí ló fà á gan-an, ṣé owó ni, ṣé ẹsẹ̀ ẹ̀ ni, àbí àwa òǹwòran la burú? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bú mi, èmi kì í ṣe ọmọ City.

Kípà_Àgbà
Àbúrò, o káre. Ẹ jẹ́ n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀ torí ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ ìsìnyí, Wembley, níbi àṣekágbá Euro 2021, ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n. October 25, 2015 ni, Milan àti Sassuolo ní San Siro, pápá Milan. Olóògbé Mihajlovic ni kóòṣì, nǹkan ò rọgbọ fún Milan rárá nígbà yẹn, Diego López tó ti ṣọ́lé fún Real Madrid rí ni kípà wọn, ọkùnrin yìí kàn ní kó lọ jókòó, ó mú ọmọ ọdún 16 àti oṣù 8 wọlé. Ọdún 16! Èmi lọ́dún 16, ẹgba ni mo ṣì ń jẹ tí mo bá pẹ́ délé láti pápá. Milan borí pẹ̀lú 2-1, Berardi ló fi fírí-kíìkì gbá ọ̀kan wọlé ọmọ náà, kò sì ba nǹkan kan jẹ́, àtọjọ́ náà ló ti di pé ilé náà di tiẹ̀. Nọ́ńbà 99 ló wọ̀ torí 1999 ni wọ́n bí i. Ọmọ Castellammare di Stabia ni, ìlú etí òkun kan lẹ́bàá Napoli, ibẹ̀ náà ni Quagliarella ti wá. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ọkùnrin, Antonio, kípà lòun náà. Ẹ fi Antonio yẹn sọ́kàn o, ọ̀rọ̀ ẹ̀ ń bọ̀.

Ẹni tí kò bá ṣọ́lé rí ò ní mọ̀ bó ṣe rí. Sítíráíkà lè pàdánù mẹ́rin, kó gbá ẹyọ kan wọlé, wọ́n á gbé e lé èjìká. Kípà á mú mẹ́sàn-án, ìkẹwàá á yọ́ bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ìkẹwàá yẹn ni wọ́n á máa fi pè é títí tó fi máa dàgbà. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, wọ́n ṣì ń pè mí ní Ọlọ́wọ́-epo ládùúgbò mi, ọdún 1988 ni nǹkan yẹn ṣẹlẹ̀. Kí ọmọ 16 wá dúró síbẹ̀, kó máa pariwo mọ́ àwọn dífẹ́ńdà tó jù ú lọ fíìfíì, pé ẹ sún sẹ́yìn, ẹ mú ọkùnrin yẹn, ẹ̀bùn ni jàre.

Lọ́dún kejì, September 2016, Italy bá France gbá ọlọ́rẹ̀ẹ́-sọ́rẹ̀ẹ́ ní Bari, nígbà tí wọ́n dé láti ìsinmi, Buffon, kípà àgbà Italy, ò jáde mọ́, ọmọ yìí ló jáde. Ọmọ ọdún 17. Kò sí kípà tó kéré tó o nínú ìtàn Italy. Ní December ọdún yẹn ní Doha, ó mú pẹnátì Dybala, Milan gba Supercoppa lọ́wọ́ Juventus. Gigio ni wọ́n ń pè é nígbà yẹn, bí ẹni ń pe ọmọ ilé ẹni.

Ọmọ_Brescia
Gbogbo nǹkan tí ẹ̀gbọ́n wí yìí, òótọ́ ni. Ẹ jẹ́ n sọ èyí tí ojú mi rí.

Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti wà ní Italy níbí, Brescia ni mò ń gbé, ilé ìkẹ́rùsí ni mo ti ń ṣiṣẹ́. October 6, 2021, Italy àti Spain, Nations League, San Siro. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan ra tíkẹ́ẹ̀tì, a wọ reluwé lọ. Ẹ rántí pé oṣù mẹ́ta péré ṣáájú ìgbà yẹn lọ́kùnrin yìí mú pẹnátì tó fi gba Euro fún wọn o. Wọn ò tíì pe orúkọ ẹ̀ tán lórí ẹ̀rọ tí súfèé fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tó wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n, ẹ ò gbọ́ nǹkan kan. Súfèé yẹn ń wọ etí bí ìgbà tí ẹgbẹ̀rún kẹ́tùlù bá hó lẹ́ẹ̀kan náà. Bàbá àgbàlagbà kan wà lápá ọ̀tún mi, ó wọ aṣọ Italy, ó fi síkáàfù Milan kọ́rùn. Nígbà tí wọ́n ń kọrin orílẹ̀-èdè, bàbá yìí gbé ọwọ́ lé àyà, omijé lójú, ó kọ ọ́ látòkè délẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ tán, ó rọra bọ́ ìbọ̀wọ́, ó ti ìka méjì bọ ẹnu, ó dúró de Donnarumma. Gbogbo ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá ti dé ẹsẹ̀ ọmọ yẹn, fíííì. Kò gbàgbé ẹ̀ẹ̀kan. Mo ní bàbá, ṣebí ẹ̀yin náà yọ̀ ní July? Ó ní ní July, Italy ni, San Siro nìyí.

Àwọn míì ń pàtẹ́wọ́ fún un o, kí n má purọ́, àmọ́ súfèé bo àtẹ́wọ́ mọ́lẹ̀. Spain gbá wa 2-1, ibẹ̀ náà ni máàṣì 37 tí Italy ti gbá láìfìdí rẹmi parí sí.

Gunners_Ṣómólú
Ẹ má tíì gbé wa lọ sí October, July ló ń dùn mí.

July 11, 2021, àṣekágbá Euro, Italy àti England. Fíúwìn sẹ́ńtà kún àkúnya, jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìnkùlé, ẹni tó bá fẹ́ tọ̀, ó ti gba kámú pé ìjókòó òun ti lọ. England kọ́ la tì lẹ́yìn o! Bùkáyọ̀ Saka la wá wò. Ọmọ wa. Bùkáyọ̀, Ayọ̀yínká, Tèmidayọ̀, orúkọ mẹ́ta, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ní ayọ̀ nínú. Ọmọ ọdún 19, wọ́n wá gbé pẹnátì karùn-ún lé e lọ́wọ́, mi ò tíì dárí ji kóòṣì yẹn. Rashford ti gbá tiẹ̀ lu òpó, Donnarumma ti mú ti Sancho, bí Jorginho ṣe gbá tiẹ̀ tí Pickford mú un, gbogbo wa dìde, ìyá tó ń ta ẹ̀pà lẹ́nu ọ̀nà sá wọlé pé kí ló dé. Bùkáyọ̀ gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀. Ẹ gbọ́, mo bojú wo ilé yẹn, mi ò rí àlàfo kankan, ọkùnrin yẹn kún un bí ẹni pé wọ́n fi bíríkì dí i. Ó fò sápá òsì ẹ̀, ó fọwọ́ méjèèjì gbá a dànù.

Nǹkan tó wá bí mi nínú jù lọ ni pé KÒ YỌ̀. Ó dìde, ó ń rìn lọ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó fẹ́ lọ gba ṣéńjì lọ́wọ́ kọ̀ńdọ́. Èmi rò pé ìgbéraga ni. Ẹ̀yìn ìgbà tó yá ló wá ṣàlàyé pé òun ò mọ̀ pé ó ti parí ni. Ó fi ẹkún sẹ́nu ọmọ wa, òun gan-an ò tiẹ̀ mọ̀!

Ìyá_Ṣadé
Ẹ dákun ẹ má rán mi létí ẹ, mo gbààwẹ̀ fún ọmọ yẹn lọ́jọ́ kejì.

Kípà_Àgbà
@Gunners_Ṣómólú pẹ̀lẹ́ o. Àmọ́ ṣé o ṣàkíyèsí pé Berardi tó gbá bọ́ọ̀lù wọlé ẹ̀ ní 2015 lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ jáde, òun náà ló gbá pẹnátì àkọ́kọ́ fún Italy lálẹ́ ọjọ́ yẹn? Ayé ń yí. Donnarumma ni wọ́n sì fún ní àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dáa jù ní ìdíje náà, kípà o, kì í ṣe ẹni tó ń gbá góòlù. Kó tó dé àṣekágbá, ó ti mú pẹnátì Morata ti Spain ní sẹ́mì.

Ìyá_Ṣadé
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin bọ̀ọ̀dá tó mọ bọ́ọ̀lù, mo rí ibì kan tí wọ́n ti ń pè é ní Dollarumma, ṣé àṣìkọ ni àbí èébú?

Ọmọ_Brescia
Èébú ni mà. Ẹ jẹ́ n tú u palẹ̀.

June 2017, ọmọ ọdún 18 ni, kọ́ńtíráàtì ẹ̀ ku ọdún kan. Àwọn ará China ṣẹ̀ṣẹ̀ ra Milan ni, owó ń rọ̀, Milan ní kó bọ́wọ́ lùwé, ejẹ́ntì ẹ̀, Raiola (olóògbé lòun náà báyìí), sọ pé rárá. Ó di wàhálà. Ọmọ náà wà ní Poland pẹ̀lú Italy àwọn ọmọ tí ò tíì pé 21, wọ́n ń bá Denmark gbá ní Kraków, làwọn òǹwòran bá gbé aṣọ ńlá kan kọ́ ẹ̀yìn ilé ẹ̀, Dollarumma ni wọ́n kọ sí i, wọ́n wá ń da ayédèrú dọ́là sí i láàárín pápá. Bí wọ́n ṣe ń náwó fún ọlọ́jọ́ ìbí lóde àríyá lọ́dọ̀ wa, àmọ́ ìnáwó ẹ̀sín ni tiwọn.

Ní July ó yí padà, ó bọ́wọ́ lùwé títí di 2021, owó tí wọ́n gbé síta ni mílíọ̀nù mẹ́fà yúrò lọ́dún. Milan sì tún ra Antonio ẹ̀gbọ́n ẹ̀ padà láti Greece, kó wá jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Inú oṣù yẹn kan náà ni ìdánwò àṣejáde ìwé mẹ́wàá ẹ̀ bọ́ sí, bíi WAEC tiwa, kò ṣe é, ó gba Ibiza lọ sinmi, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ wọn pàápàá dá sí i!! Ẹ̀yin náà ẹ wò ó.

December yẹn, máàṣì Coppa Italia pẹ̀lú Verona, àwọn ọmọ Curva Sud, ìyẹn àwọn tó máa ń dúró lẹ́yìn ilé tí wọ́n máa ń lùlù, gbé aṣọ ńlá jáde, wọ́n ní mílíọ̀nù mẹ́fà lọ́dún àti iṣẹ́ fún ẹ̀gbọ́n tó jẹ́ àfòmọ́, ní báyìí máa lọ, sùúrù wa ti tán. Ọmọ yẹn bú sẹ́kún kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, Bonucci ló ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

Nígbà tí 2021 pé, ó lọ sí PSG. Lọ́fẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn máàṣì 251, Milan ò rí kọ́bọ̀.

Ìyá_Ṣadé
Ẹ ṣeun. Àmọ́ ẹ jẹ́ n bi yín, ẹ̀yin ọkùnrin. Ọmọ ọdún 18 ríṣẹ́ ńlá, ó ní kí wọ́n gba ẹ̀gbọ́n òun náà síṣẹ́, iṣẹ́ kan náà tí ẹ̀gbọ́n ọ̀hún kọ́, èyí ló wá di àfòmọ́? Nílé tiwa, ẹni tó dé Lọ́ńdọ̀nù tí kò mú ẹ̀gbọ́n ẹ̀ dání la máa ń bú. Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ máa ń kọ ọ́ níbí pé ẹlẹ́gbẹ́ yín kan dé ipò, ó gbàgbé ilé. Ọ̀rọ̀ ìdánwò yẹn lèmi ò fara mọ́, kó ṣe ìdánwò ẹ̀ kó tó lọ Ibiza, tíṣà ni mí, mi ò lè purọ́.

JuveDàgbà
Mà, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n kọ́ ló bí wọn nínú. Ẹ jẹ́ ká fi Buffon wò ó, torí wọ́n máa ń fi wọ́n wé ara wọn láti kékeré, Buffon náà bẹ̀rẹ̀ lọ́mọ 17 ní Parma, November 1995, Milan gan-an ló kọ́kọ́ bá gbá. Ní 2006, ó gba World Cup fún Italy, oṣù yẹn kan náà ni ilé ẹjọ́ bọ́ọ̀lù já Juventus, tíìmù ẹ̀, sí Serie B, ìyẹn liigi kejì, torí ọ̀rọ̀ àwọn rẹfirí. Ẹni tó gba World Cup! Gbogbo tíìmù ńlá ayé ni ì bá gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Kò lọ. Ó lọ ń gbá bọ́ọ̀lù ní àwọn pápá ìlú kéékèèké fún odindi ọdún kan. Títí tó fi fẹ̀yìn tì, kò gba Champions League, ó dé àṣekágbá lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló pàdánù. Síbẹ̀ tó bá wọ pápá ọ̀tá, wọ́n á dìde fún un. Donnarumma ti gba nǹkan tí Buffon ò gbà, ta ló ń dìde fún un?

ÒǹwòranMókọ́lá
Ahn ahn. Ọ̀rọ̀ dé.

Kípà_Àgbà
JuveDàgbà, o sọ̀rọ̀, àmọ́ o yọ ibì kan sílẹ̀. Kó tó di Serie B yẹn, Buffon kúrò ní Parma ní 2001, àbí kò kúrò? Kí ló dé tí Parma ò da ayédèrú owó sí i? Torí Parma gba owó gidi! Owó tí wọ́n gbà lórí ẹ̀ nígbà yẹn, kò sí kípà tí wọ́n ti san irú ẹ̀ lé lórí rí láyé. Ká jẹ́ kó yé ara wa, lílọ kọ́ lẹ̀ṣẹ̀ Donnarumma, lílọ lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀. Ká ní ó fi ọgọ́rin mílíọ̀nù sílẹ̀ fún wọn lọ ni, wọ́n ì bá ya àwòrán ẹ̀ sára ògiri.

Ibi tó tún fi dùn mí fún un, Maignan ni Milan fi rọ́pò ẹ̀, lọ́dún kan péré wọ́n gba liigi, tí Milan ò gbà láti 2011. Ẹ sì wo ibi tí wọ́n ti gbà á: pápá Sassuolo. Sassuolo tó bá wọn bẹ̀rẹ̀!

Ọmọ_Brescia
Ẹ̀gbọ́n, wọn ò sì gbàgbé o. November 2023 tí PSG wá sí San Siro, owó ayédèrú tí wọ́n ya ojú ẹ̀ sí ni wọ́n tún dà sílẹ̀, Milan gbá wọn 2-1. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí mo rí àwọn ọmọ Milan níbi iṣẹ́ mi tí wọ́n rẹ́rìn-ín tí wọ́n dárúkọ ẹ̀ ni May 31, 2025, tí PSG na Inter, ọ̀tá wọn nílùú kan náà, 5-0 ní Munich, ní àṣekágbá Champions League. Ọ̀kan wá sọ fún mi wúyẹ́wúyẹ́ pé Gigio ṣì jẹ́ ọmọ wa ṣá.

Tàkítíìkì_Nìkan
Gbogbo yín ń sọ ọ̀rọ̀ ọkàn, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù dà? Ẹsẹ̀ ẹ̀ ò dáa, ó tán. March 2022, PSG wà níwájú 2-0 lápapọ̀ lọ́dọ̀ Madrid, Benzema sáré lé e, ó fi bọ́ọ̀lù dárà lẹ́nu ilé ara ẹ̀, góòlù. Ṣe ni Benzema fi mẹ́ta gún wọn, PSG wálé. Ìdí tí Luis Enrique, kóòṣì PSG, fi lé e nìyẹn, ó ní irú kípà míì lòun ń fẹ́, ó lọ mú Chevalier ní Lille, nígbà tí wọ́n lọ gbá Super Cup pẹ̀lú Tottenham ní Udine lóṣù August 2025, wọn ò tiẹ̀ kọ orúkọ Donnarumma mọ́ àwọn tó máa lọ. Italy ni wọ́n ti gbá a o, ilé ẹ̀!

Gunners_Ṣómólú
@Tàkítíìkì_Nìkan ìwọ ni kó o dákẹ́. Ta ló mú pẹnátì Núñez àti Curtis Jones ti Liverpool ní Anfield ní March 2025? Ta ló dá Martinelli àti Ødegaard dúró ní Paris ní sẹ́mì? Èmi ọmọ Arsenal ni mò ń sọ ọ́ yìí, tó bá jẹ́ kípà míì ló wà níbẹ̀, àwa la máa lọ sí Munich. Ẹ fi ẹsẹ̀ lé èèyàn tó fi ọwọ́ gba ife fún yín.

Baba_Foxborough
Mo ti ń kà yín láti àná. Èmi ò fẹ́ràn Italy kankan, kípà wọn tàbí sítíráíkà wọn, láti July 5, 1994. Foxborough, World Cup, Nàìjíríà àti Italy. Amuneke ti gbá a wọlé, wọ́n ti lé Zola jáde, èèyàn mẹ́wàá ni wọ́n kù, ó ku ìṣẹ́jú méjì, MÉJÌ, Baggio bá yọ. Ó tún fi pẹnátì parí ẹ̀ ní àfikún àkókò. Peter Rufai ló ṣọ́lé fún wa lọ́jọ́ náà, Dodo Mayana, ọmọọba Ìdímù, tó kú ní July 2025. Ṣé ẹ rí i bí gbogbo Èkó ṣe dárò ẹ̀? A pàdánù lọ́jọ́ yẹn, góòlù méjì wọlé ẹ̀, kò sẹ́ni tó fi súfèé lé e, ọmọ wa ni. Ẹ̀yin tó ń béèrè ohun tó ń jẹ́ kí wọ́n fẹ́ràn kípà, ẹ bi àwọn ará Ìdímù, ẹ má bi mí.

Kípà_Àgbà
Baba, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ ti pa mí lẹ́nu mọ́.

Gunners_Ṣómólú
Kí Ọlọ́run tẹ́ Rufai sáfẹ́fẹ́ rere. Àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ tèmi kí n tó sùn: Sunday tó kọjá yìí, Emirates, pápá wa, City ti ń lọ pẹ̀lú 1-0, a ti wọ ìṣẹ́jú àfikún, Eze fi bọ́ọ̀lù gígùn ránṣẹ́, Donnarumma jáde sókè bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sórí iná, Martinelli rọra gbé e kọjá lórí ẹ̀. 1-1! Ọjọ́ kejì ni wọ́n lọ fún un ní àmì ẹ̀yẹ. Mo ti dárí jì í díẹ̀. Díẹ̀ ni mo wí.

Ọmọ_Brescia
Ẹ rín mi lẹ́rìn-ín. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ń ṣọ́lé fún àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì àdúgbò wa níbí, Sátidé tó kọjá ni wọ́n pín jẹ́sì. Ó ní 99 lòun fẹ́, wọ́n ní 99 ò sí, nọ́ńbà tó ga jù lọ́wọ́ wọn ni 18, ló bá jókòó sílẹ̀, ó ń sunkún. Mo ní ṣebí 1 wà níbẹ̀, gba 1, nọ́ńbà Buffon nìyẹn. Ó nu ojú, ó wò mí báyìí, ó ní, Dádì, ta ni Buffon?

JuveDàgbà
Ẹ na ọmọ yẹn.